Ọmọ Fad'jal ní Párísì: Safi Faye àti Ìwé Tó Lọ Kà Lókè Òkun

Bí wọ́n bá ní ká ka orúkọ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fíìmù ní ilẹ̀ Adúláwọ̀, orúkọ ọkùnrin ló máa kún wa lẹ́nu. A ó dárúkọ Ousmane Sembène ará Sẹ̀nẹ̀gàl. A ó dárúkọ Hubert Ògúndé, Ọlá Balógun, àti Adé Fọláyàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ade Love. Wọ́n tó bẹ́ẹ̀, wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin kan wà tó yẹ kó wà láàárín wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí. Safi Faye ni wọ́n ń pè é. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tó ṣe fíìmù gígùn tí wọ́n gbé lọ sí ilé sinimá fún títà. Kaddu Beykat ni fíìmù náà, ọdún 1975 ló sì jáde. Kó tó dìgbà yẹn, Thérèse Sita-Bella, ará Kamẹrúùnù, ti ṣe fíìmù kúkúrú kan ní 1963, Párísì ló sì ti yà á. Ẹ fi Párísì yẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi gbé ìtàn Safi Faye wá ni pé ó kan ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wa lónìí. Ní Sàngó Ọ̀tà níbí, kò sí àdúgbò tí ẹ máa dé tí ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ físà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ń wá síkọ́láṣíìpù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ ń tọ́jú owó pásípọ́ọ̀tù pamọ́. Àwọn òbí ní ẹ̀rù tiwọn: wọ́n ní ọmọ tó bá lọ kàwé lókè òkun lè gbàgbé ilé. Àwọn ọmọ náà ní ẹ̀rù tiwọn: bí àwọn ò bá lọ, ayé á fi àwọn sílẹ̀. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lọ, ó kàwé níbẹ̀, ó gboyè ọ̀mọ̀wé, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Síbẹ̀, ẹni tó bá wo fíìmù rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé kò kúrò ní abúlé rẹ̀ rí. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Tíṣà tó pàdé oníkámẹ́rà

Dakar ni wọ́n bí Safi Faye sí, ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1943. Àmọ́ ará Fad'jal ni àwọn òbí rẹ̀, abúlé àwọn Serer kan ní gúúsù Dakar. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn: èèyàn lè wà ní Èkó fún ogójì ọdún, kó ṣì máa sọ pé Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá lòun ti wá. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó gbàwé ẹ̀rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé ní Dakar ní 1963. Bí nǹkan bá lọ bó ṣe máa ń lọ fún tíṣà, ibẹ̀ ni ì bá ti fẹ̀yìn tì.

Ní 1966 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọdún yẹn ni Ààrẹ Léopold Sédar Senghor pe gbogbo aláwọ̀ dúdú àgbáyé jọ sí Dakar fún àjọ̀dún ńlá tó dá lórí iṣẹ́ ọnà Adúláwọ̀. FESTAC tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1977 ni ìkejì àjọ̀dún náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ Faransé dáadáa ni wọ́n ní kí wọ́n máa mú àwọn àlejò káàkiri, Safi Faye sì wà lára wọn. Ibẹ̀ ló ti pàdé Jean Rouch, òyìnbó Faransé tó ti ń ya fíìmù nípa àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀rọ̀ Rouch gba àlàyé díẹ̀. Ìmọ̀ nípa ìṣe àti àṣà àwọn ẹ̀yà ló kọ́, kámẹ́rà ló sì fi ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó máa ń jẹ́ kí àwọn tó ń yà sọ tẹnu wọn. Àwọn kan ò gba tirẹ̀ rárá. Sembène wà lára àwọn tí kò gbà: ó bá Rouch wí lójúkojú ní 1965 pé bí ẹni ń wo kòkòrò ni ẹ̀yin òyìnbó yìí ṣe ń wò wá. Ẹni tí wọ́n ń ja irú ìjà yìí lé lórí ni ọmọbìnrin tíṣà yìí pàdé.

Rouch fi í ṣe òṣèré nínú fíìmù kan, Petit à petit, tó jáde bí ọdún 1970 ṣe ń wọlé. Ẹ gbọ́ ìtàn inú rẹ̀ ná. Ọkùnrin kan láti Nìjẹ̀r, Damouré Zika ló ṣe é, rìnrìn-àjò lọ sí Párísì láti lọ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé nínú ilé alájà púpọ̀. Nígbà tó débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òyìnbó dúró nígboro. Ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ó ń wọn orí wọn bí ẹni wọn aṣọ, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí àwọn òyìnbó fi ojoojúmọ́ ṣe fún àwọn baba ńlá wa ló ń ṣe fún wọn, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Safi Faye sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé òun ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn fíìmù ọ̀hún, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lòun ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù láìkọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn jẹ́ ara rẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Ó mú ohun tó wúlò níbẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Párísì?

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí àwọn tó fẹ́ ya fíìmù nípa Áfíríkà fi ní láti kọ́kọ́ lọ sí Párísì? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́. Ní 1934, ìjọba Faransé gbé òfin kan jáde, òfin Laval, tó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ìjọba. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: àwọn wo ni ìjọba amúnisìn máa fún ní ìyọ̀ǹda?

Ọ̀kan lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá ni Paulin Vieyra. Ọmọ Porto-Novo ni, Àjàṣẹ́ tiwa yìí. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Sàngó, tó gba Ọ̀tà kọjá sí Ìdìrókò, tó sì sọdá bodè, ọ̀nà Àjàṣẹ́ ló wà yẹn. Vieyra lọ kẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ní Párísì, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní IDHEC. Nígbà tó fẹ́ ya fíìmù nílẹ̀ Áfíríkà, wọn ò jẹ́ kó yà á. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dojú kámẹ́rà kọ àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé ní Párísì fúnra rẹ̀. Afrique-sur-Seine ni orúkọ fíìmù náà, 1955 ló jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ IDHEC yìí náà ni Ọlá Balógun lọ ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1960, kó tó padà wá bá Dúró Ládipọ̀ àti Adé Fọláyàn ṣe Àjàní Ògún ní 1976.

Nítorí náà, nígbà tí Safi Faye kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Párísì, ọ̀nà tó ti wà nílẹ̀ ló tọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé obìnrin ni, àti pé ẹ̀kọ́ méjì ló so pọ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣe àwọn ẹ̀yà ní École pratique des hautes études, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ní ilé-ẹ̀kọ́ Louis Lumière. Owó wá ńkọ́? Ó ṣiṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì, ó ṣe òṣèré, ó ń bá wọn ṣe ariwo abẹ́lẹ̀ sínú fíìmù: ìró ẹsẹ̀, ìró ilẹ̀kùn, irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́sàn-án tó ń ṣiṣẹ́ kíá lálẹ́, ìtàn yìí ò lè ṣàjèjì sí yín.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ọmọ Serer dé Párísì, ó jókòó sí kíláàsì, òyìnbó sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìṣe àwọn ẹ̀yà bíi Serer. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ Ọ̀tà bá dé yunifásítì kan lókè òkun, tó bá ìwé ńlá pàdé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń jó nílé rẹ̀, tó wá rí i pé ẹni tó kọ ọ́ mọ orúkọ ẹ̀yà ara igi orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ju òun lọ. Ìtìjú lè mú un. Inú lè bí i. Tàbí kó ṣe ohun tí Safi Faye ṣe: kó gba irinṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, kó gbé e lọ sílé, kó sì lọ bi àwọn tó ni ọ̀rọ̀.

Àlejò lójú títì

Ṣùgbọ́n fíìmù tó kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe nípa ilé. La Passante ni, ìyẹn obìnrin tó ń kọjá lọ, ó sì jáde ní 1972. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe obìnrin náà: àjèjì aláwọ̀ dúdú tó ń rìn nígboro Párísì, tí ojú àwọn ọkùnrin ń tẹ̀ lé. Òyìnbó ń wò ó, ọmọ Áfíríkà náà ń wò ó, oníkálukú ń fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ wò ó.

Fíìmù kékeré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tí kò tíì di àlejò rí kì í mọ bó ṣe rí kí gbogbo ojú máa wo èèyàn. Nílé, kò sẹ́ni tó ń wò ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ lágbájá ni ẹ́, ó parí. Párísì ló kọ́ ọ pé wíwo èèyàn ní agbára nínú, àti pé ẹni tí wọ́n ń wò máa ń mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Nígbà tó wá gbé kámẹ́rà dé Fad'jal, kò wo àwọn ará abúlé bí wọ́n ṣe wo òun lójú títì. Ó fún wọn ní àyè láti wò ó padà, kí wọ́n sì fèsì.

Ohùn àgbẹ̀

Kaddu Beykat túmọ̀ sí ohùn àgbẹ̀ ní èdè Wolof. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré ló bá a lọ yà á, dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló sì ṣe é. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ngor fẹ́ fẹ́ Coumba. Òjò kọ̀, ẹ̀pà ò ṣe, owó ìdána ò sí. Ngor bá gba Dakar lọ wá iṣẹ́ kó lè rí owó ìyàwó. Dakar fi ojú rẹ̀ rí màbo: iṣẹ́ àṣekára, owó táṣẹ́rẹ́, ọ̀gá tó ń rẹ́ ẹ jẹ. Ó padà sílé, ó sì jókòó ti àwọn ọkùnrin abúlé, ó ń ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí.

Láàárín ìtàn yìí ni àwọn àgbẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ló sì gbé fíìmù náà ró. Wọ́n ń sọ bí ẹ̀pà ṣe di ọ̀gá lórí oko wọn. Faransé ló mú kí wọ́n máa gbin ẹ̀pà ju oúnjẹ lọ, torí pé òróró ẹ̀pà ni wọ́n nílò lọ́hùn-ún. Òmìnira dé ní 1960, ẹ̀pà kò kúrò. Ìjọba tuntun ń rà á ní iye tí ìjọba fẹ́, gbèsè ń gun orí àgbẹ̀, ọ̀dá inú àwọn ọdún 1970 sì tún dé lé e.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí ẹ̀pà ṣe fún Sẹ̀nẹ̀gàl ni kòkó ṣe fún wa. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ wa nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde nítorí owó orí àti iye tí wọ́n ń ra kòkó. Àgbẹ̀kọ̀yà la mọ ìjà náà sí. Àdá àti ìbọn ni àwọn tiwa gbé. Ní Fad'jal, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n sọ síwájú kámẹ́rà. Ẹ̀dùn ọkàn kan náà ni.

Bí lẹ́tà ni Safi Faye ṣe to fíìmù náà. Ohùn rẹ̀ ni à ń gbọ́ tó ń ka lẹ́tà ọ̀hún, bí ẹni pé abúlé ń kọ̀wé sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹni tó bá ti gbé lókè òkun rí, pàápàá ní ayé ìgbà tí kò sí WhatsApp, mọ ohun tí lẹ́tà jẹ́. Lẹ́tà ni ilé. Mi ò rò pé tíṣà tó jókòó sí Dakar láìlọ síbì kankan máa ronú kan irú ètò yìí. Ìrìn-àjò ló kọ́ ọ pé bó o bá fẹ́ kí ẹni tó jìnnà sí ọ gbọ́ ẹ, àfi kó o kọ̀wé sí i.

Bàbá àgbà rẹ̀ wà nínú fíìmù náà. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn tí wọ́n parí yíyà rẹ̀ ni bàbá kú. Safi Faye fi fíìmù náà ṣe ìrántí rẹ̀. Ká ní ó sọ pé òun á dúró dìgbà tí owó bá pọ̀ sí i, tàbí kí òun kọ́kọ́ gboyè tó kù, ohùn bàbá yẹn ì bá ti bá a wọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba Faransé tó ń rí sí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ òkèèrè ló fi owó ràn án lọ́wọ́. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ́jú pọ̀: owó Faransé ló fi ya fíìmù tó ń sọ ohun tí Faransé fi ẹ̀pà ṣe fún àwọn èèyàn rẹ̀. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn àwọn lámèyítọ́ ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 1976. Nílé ńkọ́? Ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl fòfin dè é. Ohùn àgbẹ̀ dé Berlin, kò ríbi dé Dakar. Ohun tí kò fara rọ jù nínú ìtàn yìí nìyẹn fún èmi: ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ kọ lẹ́tà ló gbẹ̀yìn gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ ta ni?

Ní 1979, ohun méjì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Párísì, ó sì gbé fíìmù Fad'jal jáde, èyí tí wọ́n fi hàn ní Cannes lọ́dún náà. Ìwádìí tó ṣe nípa àwọn Serer ló bí àwọn méjèèjì. Àwọn ará abúlé ní orúkọ yẹn túmọ̀ sí "dé, kó o ṣiṣẹ́."

Níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, àwọn ọmọ wà ní kíláàsì, wọ́n ń kọ́ àkọ́sórí ìtàn Louis XIV, ọba Faransé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde lọ jókòó ti bàbá àgbà lábẹ́ igi, tí bàbá ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ abúlé wọn dó. Àwa náà gba ọ̀nà yìí kọjá. Àwọn bàbá wa ní kíláàsì kọ́ ọ ní àkọ́sórí pé Mungo Park ló ṣàwárí odò Ọya, bí ẹni pé àwọn tó ń wẹ̀ nínú odò náà kò rí i.

Ṣùgbọ́n ìtàn bàbá kì í ṣe fún ìgbádùn lásán. Ní 1964, ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl ṣe òfin tó sọ ilẹ̀ tó pọ̀ jù lọ lórílẹ̀-èdè náà di ti ìjọba. Àwọn ará Fad'jal ń béèrè: ilẹ̀ tí baba ńlá wa ṣán, tí a kò ní ìwé rẹ̀, ta ló wá ni ín? Ìtàn tó wà lẹ́nu àgbà nìkan ni ìwé tí wọ́n ní.

Ní Ọ̀tà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ èyí tí kò ní mi orí. Ní 1978, ìjọba ológun tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń darí gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gágun gbé ìjọba sílẹ̀, ó sì wá dá oko sí Ọ̀tà. Láti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ti gba ibi tí oko wà, ìjọ ńláńlá ti dé, yunifásítì ti dé, Èkó ń fẹ̀ bọ̀ wá bá wa láti Sàngó. Ìdílé Àwórì tó ni ilẹ̀, ẹni tó ra ilẹ̀, ọmọ onílẹ̀ tó ń gba owó lẹ́ẹ̀mejì, agbẹjọ́rò, ọlọ́pàá: ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Nínú gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí, ó máa ń kan ibi tí wọ́n á ti pe àgbàlagbà kan jáde kó wá sọ ibi tí ààlà wà láyé bàbá rẹ̀. Àgbà yẹn ni ìwé. Kámẹ́rà Safi Faye ti mọ èyí láti 1979.

Lẹ́tà ìyá, owó òkè òkun

Lẹ́yìn Párísì, ó tún lọ sí Berlin, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fídíò ṣiṣẹ́, ó sì tún ṣe olùkọ́ àlejò ní yunifásítì níbẹ̀. Ní 1980 ló ṣe Man Sa Yay fún tẹlifíṣàn Jámánì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni, Moussa, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tó ń kàwé ní Berlin. Lẹ́tà ìyá rẹ̀ ń dé láti ilé. Ìyá ń béèrè ìgbà tó ń bọ̀, wọ́n ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì wà níbẹ̀ tó ń wá bí òun ṣe máa jẹun. Ẹ fi ìfiránṣẹ́ ohùn lórí WhatsApp rọ́pò lẹ́tà, ẹ fi Manchester tàbí Toronto rọ́pò Berlin, fíìmù lónìí ni.

Ní Selbé, tó tẹ̀ lé e ní bí ọdún méjì, ó wo ẹni tó kù sílé. Obìnrin kan tó bí ọmọ mẹ́jọ, tí ọkọ rẹ̀ ti lọ wáṣẹ́ nígboro, tí òun nìkan wá ń fà á nílé. Nínú Mossane, ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé òpin rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá ni Mossane, ẹwà rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, Fara, ló wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n Fara ò lówó. Àwọn òbí ti fi í fún ẹlòmíràn tó ń ṣiṣẹ́ ní Faransé, tó ń fi owó àti ẹ̀bùn ránṣẹ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà láìsí ọkọ níbẹ̀. Mossane kọ̀, ìkọ̀ yẹn sì já sí ikú.

Ṣé ẹ rí ohun tó ń ṣe? Nínú àwọn fíìmù ìṣáájú, ìlú ńlá ló ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Nínú Mossane, owó òkè òkun ti wọ yàrá ìdílé, ó ti ń yan ọkọ fún ọmọ. Obìnrin tó gbé Párísì fún ọ̀pọ̀ ọdún ló sọ èyí, kì í ṣe ẹni tó ń jowú àwọn tó lọ. Ó mọ ohun tí owó yẹn náni lọ́hùn-ún, ó sì mọ ohun tó ń bà jẹ́ nílé.

Mossane fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. 1990 ni wọ́n yà á, ṣùgbọ́n ìjà lórí ẹ̀tọ́ fíìmù náà gbé e dé ilé ẹjọ́, ọdún mẹ́fà gbáko ni ó fi wà níbẹ̀. 1996 ló tó dé Cannes. Kò tún ṣe fíìmù ńlá mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2023 ló kú ní Párísì, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Ta ló wá jàre?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn òbí tó ń bẹ̀rù àti àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn òbí ní òótọ́ nínú. Safi Faye kò padà wálé wá gbé. Àwọn tí fíìmù rẹ̀ dá lé lórí kò rí àyè wò ó bó ṣe yẹ. Títí dòní, ó rọrùn fún ọmọ yunifásítì ní Párísì tàbí New York láti rí Kaddu Beykat ju fún ọmọ Dakar lọ, ká má tíì sọ ọmọ Ọ̀tà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ ilé nìkan ló ń dá èèyàn padà. Ẹ wo Túndé Kèlání. Òun náà lọ kẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù nínú àwọn ọdún 1970, ó sì padà wálé. Láti Ti Olúwa Nilẹ̀ dé Ṣaworoidẹ dé Ayinla, ìtàn wa ló ń sọ, lédè wa. Kí ló fà á tí tirẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀? Ó ní ọjà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ Mainframe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ti dé, àwọn èèyàn ń ra fíìmù Yorùbá, eré aláárìnjó àti tíátà Ògúndé sì ti kọ́ wọn láti máa sanwó wo eré lédè wọn. Safi Faye kò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ nílé. Owó rẹ̀ wà ní Yúróòpù, òǹwòran rẹ̀ wà ní Yúróòpù, ìjọba ilé rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá ní kò nífẹ̀ẹ́ ilé kò tíì ronú kan owó tí èèyàn fi ń ra fíìmù.

Àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ náà, ẹ gbọ́. Òkè òkun kọ́ ló fún Safi Faye ní ìtàn. Ohun tó rí gbà níbẹ̀ ni irinṣẹ́, àti àyè tó jìnnà tó láti wo ilé dáadáa. Àmọ́ ó ti ní Fad'jal kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó gbọ́ èdè rẹ̀, ó mọ bàbá àgbà rẹ̀, ó sì mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi í. Ẹni tó bá lọ láìmọ ìbéèrè kankan tó fẹ́ bi ilé rẹ̀ lè gba oyè mẹ́ta, kó má sì rí nǹkan kan yà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní fóònù tó ya àwòrán tó mọ́ ju èyí tí Safi Faye gbé wọ Fad'jal lọ, ọ̀fẹ́ sì ni fóònù náà máa ń gba ohùn sílẹ̀. Ní Ọ̀tà níbí, àwọn kan ṣì wà tó mọ orúkọ odò tí wọ́n ti dí pa kí wọ́n tó kọ́ ilé iṣẹ́ lé e lórí. Àwọn kan ṣì mọ iye tí wọ́n san fún oko bàbá wọn, àti ohun tí wọ́n ṣèlérí fún wọn nígbà tí wọ́n ń gbà á. Àwọn ìyá kan ṣì mọ ìtumọ̀ orin Ẹ̀fẹ̀ tí àwa ń gbọ́ bí ariwo lásán. Bóyá o fẹ́ lọ ní oṣù kẹsàn-án, bóyá o fẹ́ dúró, kò dí ẹ lọ́wọ́ láti lọ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló wà láàárín Safi Faye àti ohun tí ì bá ti sọ nù.